Àdúgbò Ògùnpa ní Ìbàdàn: Ìdàgbàsókè, Omíyalé àti Ìfàsẹ́yìn

1. Ìfáárà

Odò Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ a máa fà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè la ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé aṣọ rẹ̀ tutù. Ọkọ̀ ojú omi kì í rìn lórí rẹ̀, kò sì sí lára àwọn odò tí òkìkí wọn kàn jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, irú bí Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọbà. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò yìí kan náà kún bo àárín ìlú Ìbàdàn. Ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ògùnpa ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ kí ọkàn rẹ̀ má lọ sí ọ̀rọ̀ omi.

Ṣùgbọ́n kí omi tó sọ àdúgbò náà di olókìkí búburú, òwò ni ó ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí rere. Ibẹ̀ ni ọjà àti ibùdókọ̀ wà. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ti oko bọ̀ àti ẹni tí ó ti Èkó bọ̀ ti máa ń pàdé. Bí àdúgbò tí ó lówó lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ibi tí ọ̀pọ̀ onílé àti onísọ̀ ń sá kúrò ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé.

Àlàyé méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan gbà pé odò ni ó bínú, nítorí pé a kò bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Àwọn mìíràn gbà pé òjò ọjọ́ náà ni ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ẹnikẹ́ni kò lè bá Ọlọ́run wíjọ́ lórí òjò. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó. Kókó tí yóò jẹ yọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun kan náà tí ó gbé Ògùnpa ga ni ó tún fi í lé omi lọ́wọ́. Ohun náà ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín òkè ìlú àtijọ́ àti ibùdókọ̀ ojú irin. Kí oníṣòwò tó dé orí ilẹ̀ náà, ó ti ní onílẹ̀. Omi ni onílẹ̀ náà.

2. Ilẹ̀ àti Omi Ìbàdàn

Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn lẹ́yìn ogun Òwu. Ìlú ajagun ni, ajagun a sì máa fẹ́ ibi gíga, kí ó lè rí ọ̀tá láti òkèèrè. Nítorí náà ni agbo ilé àwọn olórí ogun fi yí àwọn òkè bí Màpó àti Àrẹ̀mọ ká. Orí òkè àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé pọ̀ sí. Ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí omi sì ń gbà, ni àwọn ará ìlú fi sílẹ̀ fún igbó, oko ẹ̀fọ́, ibi ìpọnmi àti ibi ìfọṣọ. Kò sí òfin tí ó kọ ilé kíkọ́ níbẹ̀ léèwọ̀. Ọgbọ́n orí lásán ni ó kọ̀ ọ́.

Ìhà àríwá ni odò Ògùnpa ti ń bọ̀. Ó gba Agodi, ó gba Oníyanrìn, ó wọ àdúgbò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì kọjá lẹ́bàá Gbági àti Dùgbẹ̀, kí ó tó forí lé ìhà Mọ̀lété ní gúúsù. Omi Kúdẹtì àti àwọn odò kéékèèké mìíràn tún ń kún un, nígbẹ̀yìn ó sì wọ inú odò Ọnà. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní àárín ìlú, tí ilẹ̀ kò bá mu, ìsàlẹ̀ kan náà ni yóò ṣàn lọ.

Òkúta líle ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn, erùpẹ̀ tí ó bò ó kò sì nípọn ní ọ̀pọ̀ ibi. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í mu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí igbó ṣì wà, ewé a máa gba ìró òjò, ìtàkùn àti gbòǹgbò a máa fa omi dúró, omi a sì máa yọ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Odò a máa kún bí òjò bá pọ̀, ṣùgbọ́n a máa pẹ́ kí ó tó kún, bí ó bá sì kún, yóò ráyè tàn kálẹ̀ sínú igbó etí odò láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀tọ́ odò ni ilẹ̀ tí ó ń tàn sí yìí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà gbẹ, ó sì dà bí ilẹ̀ tí kò ní olówó. Ní inú ìrísí rẹ̀ yìí ni ẹ̀tàn wà.

3. Bí Ògùnpa Ṣe Di Ibùdó Òwò

Ìbàdàn bọ́ sábẹ́ àkóso àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1893. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1901, ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn. Kò dé orí òkè, níbi tí ìlú wà. Ìhà Dùgbẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú àtijọ́, ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí, nítorí pé ibi tí ó tẹ́jú ni ojú irin ń fẹ́. Bí ibùdókọ̀ náà ti dúró ni àárín gbùngbùn òwò Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó àti ẹ̀kùrọ́, tí ń ta aṣọ, iyọ̀, páànù àti irinṣẹ́, gba ilẹ̀ ní Gbági àti Dùgbẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà ṣí ìsọ̀ aṣọ tiwọn, títí tí òpópónà kan níbẹ̀ fi gba orúkọ Lẹ́bánónì. Àwọn obìnrin alájàpá Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń tà á káàkiri ìgbèríko. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ sí i, Ògùnpa, tí ó wà láàárín ọjà tuntun yìí àti agbo ilé àtijọ́, di ibùdó àwọn awakọ̀. Ọ̀nà tí ó ti òkè sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ la àfonífojì Ògùnpa kọjá. Ẹni tí ó bá sì ní ìsọ̀ sí ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní í wá oníbàárà lọ sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Ìbàdàn tún di olú ìlú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Owó kòkó wọlé. Ìkànìyàn ọdún 1952 ka ènìyàn 459,196 sí ìlú náà; ti ọdún 1963 ka 627,379. Ní ọdún 1965, Ilé Kòkó alájà 26 parí ní Dùgbẹ̀, kò sì jìnnà sí ibi tí odò náà ń gbà. Ẹni tí ó bá dúró lórí Òkè Màpó ní àkókò yẹn tí ó wo ìwọ̀-oòrùn yóò rí ìlú ìgbàlódé níwájú rẹ̀, àti òrùlé páànù tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín òun àti ìlú náà. Odò gan-an ni kò ní í tètè rí, nítorí pé ilé ti bò ó.

4. Bí Ọ̀nà Omi Ṣe Di Ojúlé

Ilẹ̀ kò wọ ọwọ́ onílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn, mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí ni ó sì ń bójú tó o. Nígbà tí ilẹ̀ di ohun títà, ibi tí ó gbẹ, tí ó sì ga, ni ó kọ́kọ́ tán. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ilẹ̀ etí odò. Ó sún mọ́ ọjà, owó rẹ̀ kò wọ́n, ọmọ ẹbí tí kò rí ilẹ̀ lókè sì lè gbà á láìsí àríyànjiyàn. Ẹni tí ó bá rà á yóò kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀ sí i, yóò sì fi í háyà fún àwọn aláàárù, awakọ̀, télọ̀ àti olóúnjẹ tí kò lè gbé ibi tí ó jìnnà sí iṣẹ́ wọn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí apá wọn kò ká ilẹ̀ òkè ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sùn sí etí omi.

Òfin kò ṣàìsí. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn wolé-wolé ti ń wọ agbo ilé, tí wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí àyíká rẹ̀ dọ̀tí. Àwọn aláṣẹ ìlú ní ìlànà pé kí ilé jìnnà sí etí odò. Ṣùgbọ́n ìlú ń dàgbà ju iye àwọn tí ń ṣọ́ ọ lọ. Ìlànà wà nínú ìwé. Ilé wà lórí ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1978, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kò bá ilẹ̀ etí Ògùnpa ní òfo. Ilé ti kún un.

Nǹkan mẹ́ta ni ó wá pa pọ̀ láti sọ odò kékeré di odò apànìyàn. Èkíní ni òrùlé àti ọ̀nà ọ̀dà. Omi tí ó bá bọ́ sórí páànù kò ní í dúró. Inú gọ́tà ni yóò bọ́ sí, gọ́tà yóò sì gbé e sínú odò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí igbó ẹ̀gbẹ́ òkè ti ń di ilé, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń pọ̀ sí i, bí òjò kò tilẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èkejì ni ìdínkù àyè odò. Ògiri ilé sún mọ́ ọn láti ọ̀tún, ó sún mọ́ ọn láti òsì. Àwọn afárá tí wọ́n ṣe nígbà tí ìlú kéré kò fẹ̀ tó omi tí ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ wọn kọjá. Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí. Nínú agbo ilé tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ń kó pàǹtí, àgbàrá ni agbálẹ̀. Bí òjò bá ṣú, àwọn ènìyàn a da pàǹtí sójú àgbàrá kí ó lè gbé e lọ. Ó ń gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ afárá ni ó ń gbé e lọ. Ohun tí ẹni òkè jù nù ní òwúrọ̀ a máa dínà omi fún ẹni ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

5. Ìkìlọ̀ àti Omíyalé Ọdún 1980

A kò lè sọ pé odò náà kò ṣèkìlọ̀. Ó kún ní ọdún 1960, ó tún kún ní 1963. Ní ọdún 1978, ó kún ju ti ìṣáájú lọ, ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn. Lẹ́yìn ìkún kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀: ọ̀fọ̀, ìbẹ̀wò àwọn aláṣẹ, ìlérí, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò fà, àwọn tí ó kù sì tún ògiri wọn mọ. Kì í ṣe pé wọn kò bẹ̀rù. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ nítorí omi tí ó lè má tún wá fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Oṣù náà a máa jẹ́ ìgbà tí òjò ń sinmi díẹ̀ láàárín àkókò òjò méjèèjì, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń retí ohun tí ó dé. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá. Òjò ọjọ́ kan náà tó mìlímítà 274. Ìwọ̀n òjò tí Ìbàdàn ń rí ní odindi ọdún jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 1,250. Èyí ni pé ohun tí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún òjò ọdún kan lọ ni ó rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ọ̀nà kan wà tí ìtumọ̀ iye yìí lè gbà yéni. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, omi tí ó ti orí rẹ̀ ṣàn sílẹ̀ ní ọjọ́ náà jẹ́ lítà 27,400, èyí tí yóò kún àgbá onílítà 200 bí 137. Òrùlé kan péré nìyẹn. Ẹni tí ó bá lè ka òrùlé Ìbàdàn ni ó lè ka àgbá omi tí ó sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì náà.

Omi náà kọjá agbára odò tí wọ́n sé ní Agodi, ó sì ba ọgbà ẹranko àti ọgbà ewéko tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjú sí àárín ìlú. Ibi tí ìdọ̀tí ti dí ẹnu afárá, omi gun orí afárá. Ibi tí ilé dúró sí ojú ọ̀nà, omi gba inú ilé. Ògiri amọ̀ kò lè dúró dè é. Ọkọ̀, ọjà inú ìsọ̀, ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn ni ó gbé lọ pọ̀. Iye àwọn tí ó kú kò bá ara mu nínú àwọn ìròyìn: èyí tí ó kéré jù sọ pé wọ́n lé ní 100, àwọn mìíràn sì gbé e kọjá 200. Nínú àdúgbò tí ayálégbé àti àlejò pọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn kan wà tí kò sí ẹni tí ó ka orúkọ wọn kí wọ́n tó kú.

6. Ohun tí Orúkọ náà Ń Sọ

Àwọn ará Ìbàdàn sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní Omíyalé. Ó ti di òdiwọ̀n ọjọ́ lẹ́nu wọn: wọ́n a máa sọ pé wọ́n bí ọmọ kan ní ọdún omíyalé, tàbí pé bàbá kan kú kí omíyalé tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yẹ ní títú palẹ̀. Gbólóhùn odindi ni: omi, yà, ilé. Ohùn òkè tí ó hàn ní ìparí “omí” ni ó fi í hàn gẹ́gẹ́ bí olùwà. Ọ̀rọ̀-ìṣe “yà”, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀, di “ya” nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó “yà” sí ibì kan ni ẹni tí ó fi ọ̀nà tí ó ń tọ̀ sílẹ̀, tí ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí èrò ọ̀nà ti ń yà sílé ọ̀rẹ́. Ohun tí orúkọ yìí ń sọ, nígbà náà, ni pé omi ní ọ̀nà tirẹ̀, ó kúrò lójú ọ̀nà náà, ó sì wọ ilé onílé.

Ìtàn tí ó wà lókè yìí fi hàn pé ìdàkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Omi kò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ilé ni ó yà sójú ọ̀nà omi. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tí ó sọ orúkọ náà. Ojú ẹni tí ó wà nínú yàrá nígbà tí omi fọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n fi wò ó, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì lè sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣètò ìlú kò gbọdọ̀ fi ojú kan náà wò ó. Bí ó bá gbà pé omi ni ó yà, ìdènà omi nìkan ni yóò máa wá. Bí ó bá gbà pé ilé ni ó yà, yóò béèrè ìdí tí ilé fi dé ibẹ̀, àti ibi tí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ yóò lọ.

7. Ìfàsẹ́yìn Àdúgbò náà

Ó rọrùn láti sọ pé omi ni ó pa òwò Ògùnpa, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan. Ní ọdún 1978, ọdún kan náà tí odò kún tí ó sì pa ènìyàn, ni òpópónà márosẹ̀ tí ó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ṣí. Òpópónà náà kò gba àárín ìlú. Ẹ̀yìn odi, ní ìlà-oòrùn, ni ó gbà kọjá, bí àkókò sì ti ń lọ, àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn tẹ̀ lé e lọ sí Ìwó Road. Ojú irin tí ó dá Dùgbẹ̀ sílẹ̀ ń rẹ̀yìn ní àkókò kan náà. Owó epo rọ̀bì sì ti borí owó kòkó. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àjọ tí ń ra kòkó ká. Ilé Kòkó gan-an jóná ní oṣù kìíní ọdún 1985, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ó tó padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, omíyalé bá àdúgbò náà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀. Oníṣòwò tí omi kó ọjà rẹ̀ lọ ní ọdún 1960 ní ìdí láti padà, nítorí pé oníbàárà ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí omi kó ọjà rẹ̀ lọ ní ọdún 1980 ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ àwọn alájàpá aṣọ Gbági kó lọ sí ọjà tuntun tí ìjọba ṣe lójú ọ̀nà Ifẹ̀, wọ́n sì gbé orúkọ ọjà wọn dání lọ. Àwọn ará ìlú ń pe ibẹ̀ ní Gbági Tuntun títí di òní. Àwọn onísọ̀ Dùgbẹ̀ kan kó lọ sí Aléṣinlóyè. Àwọn tí ó lówó kúrò. Àwọn tí kò lówó dúró. Ilé tí omi wó ṣùgbọ́n tí onílé kò lè tún kọ́ di ibi ìpàtẹ tàbí ààtàn. Àwọn ilé kan tí ó sún mọ́ odò jù ni àwọn aláṣẹ fi àmì sí lára, tí wọ́n sì wó.

Ìwà àìdọ́gba kan fara hàn níhìn-ín tí kò yẹ kí a fojú fò. Gbogbo òrùlé tí ó wà lókè ni ó dá omi jọ. Gbogbo ọ̀nà ọ̀dà ni ó mú un yára. Ìdọ̀tí gbogbo ìlú ni ó dínà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ nìkan ni ó san gbèsè náà: ó kọ́kọ́ fi ilé rẹ̀ san án fún omi, lẹ́yìn náà ó tún fi ilẹ̀ rẹ̀ san án fún iṣẹ́ àtúnṣe. Bí àwọn àgbà ti wí, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ní Ìbàdàn, àwọn tí ó jẹ kòkòrò sùn. Ará ilé wọn ní ìsàlẹ̀ ni kò sùn.

Ògùnpa kò di ahoro. Títí di òní, ọjà ń lọ níbẹ̀, ọkọ̀ ń dún, ọlọ́jà sì ń kígbe. Ohun tí ó sọnù ni ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn ti ń pàdé. Nígbà tí ojú irin tuntun láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2021, Mọ́níyà, ní àríwá ìlú, ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ńlá rẹ̀ sí. Ohun tí ó fa òwò lọ sí ìsàlẹ̀ ní ọdún 1901 ti gba ibòmíràn lọ.

8. Àtúnṣe Odò, àti Ìkún Omi Ọdún 2011

Olóyè Bọ́lá Ìgè ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí omíyalé ṣẹlẹ̀. Agbára ìpínlẹ̀ nìkan kò ká ohun tí ó bàjẹ́, nítorí náà ni ìjọba àpapọ̀ fi tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ fífẹ ojú odò náà. Iṣẹ́ náà ni láti gbẹ́ odò jìn, láti tọ́ ọ tààrà, láti fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn afárá sì fẹ̀ sí i. Kò parí kíákíá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kan fi í lé òmíràn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ibi tí ó dé ṣe àǹfààní, nítorí pé odò tí ó ní àyè kì í tètè wá àyè nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tí ó tó mìlímítà 187.5 rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní 100 ni ó tún kú. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ìhà odò Ọnà ni ó wà lára ibi tí ó le jù. Afárá Apẹ̀tẹ̀, ní òkè adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, já. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà pàdánù ohun púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Báńkì Àgbáyé, ní ọdún 2014, fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò kan tí yóò tún àwọn odò, afárá àti ìdídò Ìbàdàn ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọdún 2011 ni pé wọ́n tún odò kan ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò tún àṣà tí ó sọ ọ́ di apànìyàn ṣe. Láàárín ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń mọ kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ Ògùnpa, ìlú fẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, ó bá àwọn odò mìíràn níbẹ̀, ó sì ṣe sí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe sí Ògùnpa: ilẹ̀ òkè tán, ilẹ̀ etí omi di títà, igbó di páànù, pàǹtí wọ inú odò. Ọmọ ẹni tí ó sá kúrò ní ìsàlẹ̀ Ògùnpa lè ti ra ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò mìíràn ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ náà gbẹ, tí ó sì dà bí ilẹ̀ tí kò ní olówó.

9. Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti tọpasẹ̀ àdúgbò Ògùnpa láti ìgbà tí àfonífojì rẹ̀ jẹ́ igbó àti ibi ìpọnmi, títí dé ìgbà tí ojú irin àti kòkó sọ ọ́ di ọkàn òwò Ìbàdàn, àti títí dé ìgbà tí omi àti ìyípadà ọ̀nà gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi hàn pé òjò ọdún 1980 pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé ìlú ni ó sọ òjò púpọ̀ di ikú púpọ̀.

Òwe Yorùbá kan sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òwe náà kò bá àgbàrá wíjọ́. Ọrùn onílé ni ó gbé ẹrù kọ́. Ohun tí ìtàn Ògùnpa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń pa òwe yìí ni pé, ta ni onílé náà? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò nìkan ni, ọ̀ràn náà kò ní ojútùú, nítorí pé kò sí bí ẹni náà ṣe lè dá ògiri rẹ̀ mọ títí tí yóò fi borí omi tí gbogbo òkè rán sí i. Onílé tí ó lè sọ fún àgbàrá pé òun kò gbà ni ẹni tí ó wà ní Òkè Àrẹ̀mọ, tí kò da pàǹtí sínú gọ́tà. Mọ́gàjí tí kò ta ilẹ̀ etí omi. Aláṣẹ tí ó wá ilẹ̀ gbígbẹ fún aláìní kí ó tó fi àmì sí ara ilé rẹ̀. Àti ìlú tí ó fi àyè odò sílẹ̀ fún odò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà. Àwọn odò Ìbàdàn tí ilé kò tíì yí ká kò pọ̀ mọ́. Àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọn etí wọn, kí a sì pààlà sí i, kí ẹnikẹ́ni tó tún ra ilẹ̀ níbẹ̀.